Ọkọ̀ Mi Tó Fì Sápá Òsì

Àkọ́bí mi,

Èmi tí mo ń kọ lẹ́tà yìí ti sùn lórí èérún pákó fún ọdún mẹ́rin gbáko. Mo ti fi ẹ̀wù kan ṣoṣo ṣe ti ọ̀sán ṣe ti òru. Mo ti fi omi tutù ṣe oúnjẹ, kí n tún jáde síta máa tayín kí àwọn ará àdúgbò lè rò pé ẹran ni mo jẹ. Ìṣó ti gún mi lẹ́sẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún, mo kà á. Ayùn ti gé mi lórí ìka, mo fi ìka mẹ́sàn-án tó kù parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì kẹta, ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ wa ní ohun tó gùn gan-an ni owó tán. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, òòlù kan ni mo mú jáde, òòlù náà kò sì ní èèkù.

Síbẹ̀, wo bàbá rẹ lónìí: ilé tèmi, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn méjì, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tutù sí i lórí. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé ní àdúgbò wa, ọwọ́ mi ni wọ́n ti jáde. Àwọn tí wọ́n bí lórí wọn ti ń bímọ lórí wọn báyìí, kò sí ọ̀kan tó tíì dún kẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, bí mo bá ní ṣé dáadáa ni o wà, ẹni tó mọ ohun tí kì í ṣe dáadáa ló ń bi ọ́. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ yẹn. Àga tí o jókòó lé kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bi mí kí wọ́n tó rà á.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ìyá rẹ ní ọ̀kan jọ mí nítorí pé kì í panu mọ́. Ará ilé kejì wa tó ní ilẹ̀kùn onípákó tèmi kò bá ìgbà mu mọ́, tó lọ ra onírin, ilẹ̀kùn náà ti há mọ́ ọn nínú ilé lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo mu tíì mi tán kí n tó lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí o sanwó rẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ ni mo fẹ́ ròyìn. O ní kí a lọ sinmi ní ìlú kékeré àtijọ́ tó wà létí odò, kí a wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ojú wa là. O ṣeun. Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ wọ orí fóònù bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, àánú rẹ ṣe mí: àwòrán onígun mẹ́rin kan báyìí, tí ihò dúdú dúdú bo gbogbo ara rẹ̀. Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ ni ikán ti jẹ, tí o ya fọ́tò rẹ̀ sí mi kí n lè mọ irú oògùn tí màá gbé wá. Mo ti ra oògùn ikán náà kí àbúrò rẹ tó ń ta ọ̀dà tó sọ fún mi pé tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, pé ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ló máa kà á. Oògùn náà wà nílẹ̀, kò níí bàjẹ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kò lè gbé fóònù olówó ńlá sún mọ́ omi. Mo mú pẹ́ńsù àti rúlà mi, mo ya tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí páálí. Ọjọ́ méjì ló gbà mí, mo ka àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rí i pé apá ọ̀tún rẹ̀ kò bá apá òsì mu, mo bá wọn tún un ṣe, mo mú kí méjèèjì dọ́gba, torí o mọ̀ mí, n kì í rí ohun tó wọ́ kí n dákẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ìlú náà, ẹ̀rọ náà wò ó, ó tan iná pupa, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ tó dúró níbẹ̀ pé kó má bá ẹ̀rọ náà wí, kò tíì rí èyí tó dọ́gba rí ni. Ẹ̀ṣọ́ pe èkejì rẹ̀, ìyẹn pe ẹ̀kẹta, wọ́n jọ wo páálí náà títí, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Wọ́n ṣí géètì fún wa. Páálí ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn máa gbé e kọ́ sára ògiri.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ìlú yẹn gan-an ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin ọ̀gá mi, lẹ́yìn náà ó ní kí èmi nìkan kan ọkọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́, kí òun lè mọ̀ bóyá mo ti di èèyàn. Mo kàn án. A gbé e sódò, gbogbo àwọn atukọ̀ dúró létí omi, ọkọ̀ náà fì sápá òsì bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí sí omi létí. Bí wọ́n bá tù ú síwájú, òsì ló ń yà sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi já sódò. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òòlù yẹn ló jù lé mi lọ́wọ́. Ìdí tí ọkọ̀ náà fi fì, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n láyé, màá sọ ọ́ fún ọ tí mo bá débẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò tẹ ìlú yẹn mọ́, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, n kò sì kan ohunkóhun tó fì mọ́. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dé, mo sọ fún ìyá rẹ pé orúnkún ń dùn mí, kí a má bàa lọ.

Ìlú náà dára, n kò ní purọ́. Àtẹ̀gùn òkúta ṣì sọ̀ kalẹ̀ wọnú omi, àwọn fèrèsé onípákó ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kun wọ́n kẹ́yìn kì í ṣe oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kan pátákó kékeré mọ́ ara gbogbo ilé. Ọ̀kan ní akéwì kan sùn níbẹ̀ ní igba ọdún sẹ́yìn, òru kan ṣoṣo. Òru kan péré! Èmi tí mo sùn ọdún mẹ́rin ńkọ́? Mo lọ síbi tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, ó ti di ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti ọkọ̀ kéékèèké tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ibi tí mo ń gbé orí lé gan-an ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tíì sí. Mo wo ara ògiri yíká, n kò rí pátákó kankan. Ìyá rẹ ní kí ni mò ń wá. Mo ní mò ń wo bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n fi nǹkan kan bí ọmọrí ìkòkò méjì bò mí létí, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo kí i, mo ní ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo ní kó dúró kí ìyá rẹ lè bá wa, kò dúró. Mo bi í pé ọmọ ta ni, ó ń bá ọ̀rọ̀ ìkòkò lọ. Ìyá rẹ ní ọkùnrin kan ń bá òun náà sọ̀rọ̀, mo ní kó yọ ọ́ kúrò létí kíá, kí ló ní láti bá ìyàwó oníyàwó sọ. Yàrá kìíní, ìkòkò. Yàrá kejì, owó àtijọ́. Yàrá kẹta, okùn pupa ni wọ́n fi sé nǹkan kan mọ́ àárín, wọ́n tan iná sí i lórí, àwọn àlejò dúró yí i ká bí ìgbà tí èèyàn ń ṣọ̀fọ̀.

Ọmọ mi, ọkọ̀ mi ni.

Ó ti dúdú, ẹnu rẹ̀ ti jẹrà díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé bàbá kì í mọ ọmọ rẹ̀ ni? Ó fì sápá òsì níbẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ! Ọkùnrin inú etí mi wá ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni ọkọ̀ yìí, pé àwọn àgbà odò tí a kò mọ orúkọ wọn ló kàn án, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó fì sápá òsì nítorí pé omi odò náà ń ti ọkọ̀ sápá ọ̀tún, pé ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n ni, ìran tiwa kò sì ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin onígíláàsì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan nu ojú rẹ̀. Gbogbo wọn fi orí tẹ̀ sápá òsì kí wọ́n lè rí ọgbọ́n náà dáadáa.

Mo kígbe pé irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé nígbà tí nǹkan bá bo èèyàn létí, ohùn rẹ̀ máa ń ju bó ṣe rò lọ. Mo gba abẹ́ okùn pupa kọjá, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo wá ìṣó kẹta níhà iwájú, èyí tí mo gbá wọ́ ní ọjọ́ náà tí mo fi ọ̀dà bò kí ọ̀gá mi má bàa rí i. Ó wà níbẹ̀! Aago kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè, mo rò pé wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn wá wò ó ni.

Olùtọ́jú ilé náà ló wá, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan tó wọ gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní bàbá, ẹ dákun, ẹ jáde kúrò lábẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Mo ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kọ́, èmi ni mo kàn án. Ó ní nígbà tí odò fà ni wọ́n rí i nínú ẹrẹ̀, pé àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní irú fífì báyìí, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan láyé òde òní tó lè ṣe é. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì, ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi, ó ní ẹni tó bá ní ohun kan jẹ́ tòun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí ẹni tó ṣe nǹkan náà. Mo ronú dáadáa. Ìjọba ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni ọkọ̀, èmi kì í bá ìwé ìjọba jà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo kàn án. Nítorí náà mo kọ ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé mọ́kàndínlógún, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n béèrè ìyàwó, mo yọ mẹ́ta kúrò torí pé ọdún mẹ́ta ni mo fi ju ìyá rẹ lọ. Ìyá rẹ fìbínú ta kété, ó ní tó bá jẹ́ pé iwin ni mo fẹ́ dà, kí n dá a dà, òun kò tíì pé àádọ́rin, òun kò sì ní tìtorí ọkọ̀ wíwọ́ darúgbó. Wọ́n béèrè àkọ́bí, mo kọ ìwọ náà síbẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó dín mẹ́fà. Bí wọ́n bá fi fóònù pè ọ́, kí o jẹ́wọ́ rẹ̀. Kí o sì sọ fún ọ̀gá rẹ pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ ti pẹ́ jù.

Olùtọ́jú náà ka fọ́ọ̀mù, ó yọ gíláàsì ojú, ó fi ti orí sójú, ó tún un kà. Ó rọra sọ fún mi pé tí ọkọ̀ bá jẹ́ tèmi lóòótọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ohun àtijọ́, wọ́n máa gbé e jáde lọ sẹ́yìn ilé níbi tí igi ìdáná wà. Tó bá sì jẹ́ ti àwọn àgbà odò, á dúró lábẹ́ iná, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò ní sí níbẹ̀. Ọmọ mi, láti ọdún tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka iwájú mi rí. Orúkọ mi ni mo fẹ́, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ létí omi ti wọlé, ó ní òun gbọ́ ariwo. Bàbá arúgbó kan ni, ó tẹ̀ sápá ọ̀tún bí ẹni tó gbé garawa omi dání, kò sì gbé nǹkan kan. Ó wò mí, ó wo ìka mi tó gé. Ó ní ìwọ ni! Ó ní òun ló ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n lé mi, owó pọ́ọ́kú, pé ọdún méjìdínlógún ni òun fi jókòó sí etí ọ̀tún rẹ̀ kó má bàa dojú dé, ohun tó tẹ òun nìyẹn, gbogbo ẹ̀wù òun, apá ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gbó. Ó ní ọkọ̀ náà rì níkẹyìn, òun kò sì tíì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí rí kó tó di òní. Mo múra láti sá. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n dúró, òun kò tíì sọ ọ́ tán. Ó ní ọkọ̀ náà kò gbé òun dé ibi tí òun ń lọ rí. Àtẹ̀gùn ọjà ni òun máa ń dojú kọ, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kan ní apá òsì ló máa ń gbé òun já sí, níbi tí ọmọbìnrin kan ti máa ń fọ abọ́. Nígbà tó di ìgbà kẹsàn-án, bàbá ọmọ náà jáde, ó ní kí ló ń gbé òun wá. Ojú ti òun láti sọ pé ọkọ̀ ni, òun bá ní ọmọ wọn ni òun ń bọ̀ wá fẹ́. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti ń wá ẹni tó kan ọkọ̀ yẹn, òun kò sì mọ̀ bóyá kí òun gbá a létí ni tàbí kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe méjèèjì.

Olùtọ́jú náà nu ojú gíláàsì méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà méjì dùn, ṣùgbọ́n ìwé kì í jẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rí ló ń jẹ. Ó ní kí n wá kan èkejì rẹ̀ nínú ọgbà wọn létí odò, lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́. Tó bá fì bí àkọ́kọ́ ṣe fì gẹ́lẹ́, òun máa wá yàrá tó lórúkọ fún méjèèjì, iná máa wà níbẹ̀, orúkọ mi á wà lára pátákó. Tí kò bá fì, a jẹ́ pé bàbá kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mí. Mo ní ṣé èyí ni iṣẹ́. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé ni mo mọ ohun tí mo kó sí. Mo gbé pákó kalẹ̀, mo kan ọkọ̀ kékeré kan wò. Ó tọ́ gbọnrangandan. Mo kan èkejì, mo di ojú kan, ó tún tọ́. Ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ òsì kàn án, mo gbé e sínú agbada omi ìyá rẹ, ó dúró déédéé bí adájọ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi kọ́ ọwọ́ mi láti má ṣe àṣìṣe, ọwọ́ náà ti gbọ́n jù mí lọ. Mo jókòó lórí àpótí mi, n kò lè jẹun. Ìyá rẹ wá jókòó tì mí, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, kí ló mú ọkọ̀ yẹn fì.

Mo sọ ọ́. Okùn ni. Okùn ìwọ̀n ni mo fi wọn apá ọ̀tún ní àárọ̀, òjò dé, mo sá wọlé, mo gbàgbé okùn sójò. Okùn tó bá mu omi máa ń súnkì. Nígbà tí òjò dá, mo mú un bó ṣe tutù, mo fi wọn apá òsì. Pákó apá òsì kúrú ní ìka mẹ́ta. Gbogbo ọgbọ́n àwọn àgbà odò nìyẹn.

Ìyá rẹ gbé ọkọ̀ kékeré náà kúrò nínú agbada omi rẹ̀. Ó wá ní ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo mọ́ gbogbo ilé láti ọjọ́ tí òun ti wọlé mi, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi okùn sójò, ìbáà ṣe okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Ó ní kí n rántí ọjọ́ tí mo lù ọ́ nítorí okùn tí o fi ń fò. Mo rántí. Ọmọ ọdún méje ni ọ́. Má bínú. Okùn náà kò ṣe nǹkan kan, ìwọ náà kò sì ṣe nǹkan kan.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Okùn ọ̀rá ni gbogbo ọjà wa ń tà báyìí, kì í súnkì, kò ní àbùkù kankan, ohun tí kò ní àbùkù kò sì wúlò fún iṣẹ́ yìí. Bá mi wá okùn tòótọ́ ní ìlú ńlá, irú èyí tí wọ́n fi èèpo igi lọ́. Fi owó pákó mẹ́jọ tó dára kún un, àti ti ẹ̀wù tuntun kan, torí pé wọ́n máa ya mí ní fọ́tò. Má gba ti báǹkì. Mo lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí owó tí o fi ránṣẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi hàn mí. Mo ní nọ́ńbà kọ́, owó gan-an ni mo fẹ́ rí, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò tutù.

Igi tí o bá gbé lé igi yóò dúró. Ohun tí o bá wọ̀n yóò dọ́gba. Èyí tí kò bá sì dọ́gba, Ọlọ́run yóò fi gbé ọ já sí ẹnu ọ̀nà oore, bó ṣe gbé atukọ̀ já síbi ìyàwó. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá gbé òòlù mi lọ sétí odò, màá fi okùn gbígbẹ wọn apá ọ̀tún lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, màá rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta yẹn, màá sì rẹ okùn náà sómi.

Èmi ni bàbá rẹ.